Kọ́kọ́rọ́ Odi

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tí dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gun alùpùpù mọ́ gun alùpùpù jáde nílé, ó sì kú sábẹ́ típà tó kó yanrìn, ní kọ́nà ilé ìlagi. Mo bi àwọn ọlọ́pàá, mo bi awakọ̀ típà, mo bi nọ́ọ̀sì tó gbà á wọlé ní ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni kò bára mu.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé náà ni mo lọ bá. Rewáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí wáyà alùpùpù ló ń tún ṣe. Ó ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju ibi tí alùpùpù méjì lè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wáyà oríṣiríṣi àwọ̀ rọ̀ sára ògiri bí irun tí wọn ò tíì dì, àga rẹ̀ sì jẹ́ ìjókòó alùpùpù àtijọ́ kan tó gbé lé orí bátìrì tó ti kú. Àpá iná kan gùn láti àtàǹpàkò rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Mo bi í níbi tó ti rí i.

"Iná ló fi buwọ́ lùwé," ó ní, "pé òun ti gbà mí síṣẹ́."

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í pe nǹkan ní orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ara èèyàn ló fi ń pe gbogbo rẹ̀. Bátìrì ni ọkàn, iná iwájú ni ojú, fèrè ni ẹnu. Ọ̀gá náà ti kú kí àwọn alùpùpù tuntun tó dé, àwọn tó ní òrùka wáyà yípo ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Rewáyà fúnra rẹ̀ ló sọ òrùka yẹn ní etí. Nǹkan dúdú kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Ìyẹn ló pè ní ohùn. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, etí á tẹ́tí sí ohùn. Bó bá dá a mọ̀, ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Bí kò bá dá a mọ̀, iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú, alùpùpù ò sì ní lọ síbì kankan, ì báà jẹ́ pé irin kọ́kọ́rọ́ náà bá ihò mu rẹ́gí. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tiwọn, olè kọ́ ni wọ́n ń fi dènà.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò rẹ̀. Bàbá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákò, Rewáyà ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù. Afẹ́fẹ́ wá di ẹni tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù láti ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, kò sì sẹ́ni tó ń tètè dé bíi tirẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí wárápá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ó gbé e nílé, ó tún gbé e níbi tó ti tò láti ra epo. Dókítà ní kó má gun alùpùpù mọ́, kó má sì gun àkàbà.

"Ẹ gba àkàbà," ló sọ fún dókítà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rò fún mi. "Mi ò bá yín jà lórí àkàbà."

Ìyàwó ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo alùpùpù náà. Ó fi ń pín búrẹ́dì láti bẹ́kìrì kan káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ yẹn ló sì ń bọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ó so ọ̀kan mọ́ ọrùn, ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn. Rewáyà mú ìkejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tì í mọ́nú àpótí.

Afẹ́fẹ́ ò káwọ́ gbera. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe agékọ́kọ́rọ́ wá sílé. Ìyẹn ń fi irin wọn ihò náà, ó ń gé e, ó ń rẹ́ ẹ, títí ó fi bá a mu. Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó yí, iná pupa sì ń ṣẹ́jú sí i. Ẹ̀rín àwọn ará ilé ló jí ìyàwó.

"Ẹ wá wò ó o," Afẹ́fẹ́ ní. "Alùpùpù tí mo fowó ara mi rà, kò gbọ́ tèmi mọ́."

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Kọ́kọ́rọ́ tí kò lóhùn ni, ni Rewáyà bá sọ ọ́ ní kọ́kọ́rọ́ odi. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Òun ni wọ́n fi ń ṣí agolo mílíìkì, òun ni Afẹ́fẹ́ fi ń họ ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyàwó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tó gbé alùpùpù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Afẹ́fẹ́ á jókòó sórí rẹ̀, á ki kọ́kọ́rọ́ odi bọ̀ ọ́, á yí i, á wá máa fi ẹnu ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì. Àwọn ará ilé á bi í pé ibo ló tún kù, á dárúkọ ìlú tó jìnnà. Ìyàwó á ní kó bá òun ra nǹkan bọ̀ níbẹ̀.

Ọdún òjò ńlá tó ṣáájú ikú Afẹ́fẹ́ ni etí náà bà jẹ́. Omi wọ inú rẹ̀, wáyà tín-ín-rín ibẹ̀ dípẹtà. Ìyàwó á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàárà, á yí kọ́kọ́rọ́ tòótọ́, iná pupa á máa ṣẹ́jú bíi pé odi ló ki bọ̀ ọ́. Á wá máa ti alùpùpù lọ tòun ti búrẹ́dì lẹ́yìn. Ọ̀gá bẹ́kìrì kìlọ̀ fún un pé bó bá tún pẹ́, òun á gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Rewáyà tú etí náà, ó wé wáyà tuntun sí i. Ó gbọ́ fúngbà díẹ̀, ó tún di. Ó tún un wé, ó tún di.

"Etí ti wúwo," Rewáyà ní. "Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀ látọ̀nà jíjìn díẹ̀, kò gbọ́. Àfi kí ẹnu kàn án."

Ó ṣí àpótí, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì, ó fọ́ orí rẹ̀, ó yọ ohùn jáde. Ó fi téèpù dúdú lẹ ohùn náà mọ́ ara etí, ó sì dé e padà. Láti ìgbà náà, ohùn ti wà létí alùpùpù tọ̀sán-tòru. Irinkírin tó bá ṣáà ti lè yí ihò náà ti tó.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ló parí iṣẹ́ yẹn.

Mo bi í ní ohun tó sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀ nígbà tó wá gbé e. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mo sọ fún un. Mo ní, ìyàwó wa, ṣọ́ra o, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló ń gbọ́ báyìí."

Mo kọjá sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Páànù lásán ló pín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, bí ẹnì kan bá sín ní ìhín, wọ́n á kí i ní ọ̀hún. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Rewáyà?" Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ bó bá parí iṣẹ́. 'Ó ti ń gbọ́.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyàwó ẹ̀ bá bímọ, ohun tó máa sọ náà nìyẹn." Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn náà nìyẹn."

Yàrá kan ṣoṣo ni ìyàwó náà ń gbé. Tíréè búrẹ́dì wà lórí ara wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, akoto ọkọ rẹ̀ sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ bò ó. Kò sunkún, kò sì yára sọ̀rọ̀.

"Mo bi wọ́n pé, Bọ̀ọ̀dá, ṣé ó ti rí bíi ti tẹ́lẹ̀? Wọ́n ní ó ti ń gbọ́, ó tiẹ̀ dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́."

"Wọn ò sọ pé ó ń gbọ́ gbogbo kọ́kọ́rọ́?"

"Bí wọ́n bá sọ ọ́, ṣé odi yẹn á tún wà lórí tábìlì mi?"

Ó pín búrẹ́dì ọ̀sán, alùpùpù ò sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kankan. Ó dé, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ilé ìwẹ̀ tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló rí ohun tó kù.

"Mo bi í pé, Afẹ́fẹ́, ibo lónìí? Ó ní etí òkun. Ó ki odi bọ̀ ọ́, ó yí i, ó ti ká ẹnu jọ kó máa ṣe 'vuu' ẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì bá ṣáájú ẹnu ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó wò mí. Mo rò pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ nílé ni. Ó rọra gbé e jáde, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ."

Ọṣẹ wà lójú ìyàwó nígbà tó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì. Ó ní kò ya òun lẹ́nu. Èèyàn méjì péré ni alùpùpù náà ń gbọ́ tiwọn, òun àti Rewáyà, òun sì wà nínú ilé ìwẹ̀. "Mo ní, Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Awakọ̀ típà ní ó ń bọ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kọ́nà ló ti rí i tí apá rẹ̀ méjèèjì gan.

Mo padà sọ́dọ̀ Rewáyà. Mo bá oníbàárà kan níbẹ̀, tó ń gbé gáàsì fún àwọn onílé. Alùpùpù tirẹ̀ náà ti ń ya adití.

"Bàbá, ẹ bá mi lẹ ohùn mọ́ ọn létí, kí n máa lọ."

"Mi ò ṣe é mọ́."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ìlú bí wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Ta ló tún ń bá ọ gbé ilé?"

"Alùpùpù ni mo gbé wá, kì í ṣe ìdílé mi."

"Gbé e lọ, nígbà náà."

Ọkùnrin náà tì í jáde, ó ní orí bàbá yìí ti gbóná ju òjé tó ń yọ́ lọ. Rewáyà jókòó, ó ń fi òjé jó wáyà mọ́ra. Mo sọ ohun tí wẹ́dà sọ. Mo sọ ohun tí ìyàwó sọ. Kò gbójú sókè.

"Bóyá mi ò sọ ọ́ tán," ó ní.

"Ẹ mọ̀ pé odi wà nílé."

"Ta ni kò mọ̀? Mo ti fi ṣí mílíìkì."

"Ẹ ò wá rántí ẹ̀?"

"Mo rántí orúkọ ẹ̀. Odi la pè é. Ta ló ń ṣọ́ odi?"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ṣe yẹ kí n gbà á gbọ́ tó. Ẹni tó sọ nǹkan ní odi, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohùn sí etí alùpùpù, ó lè gbàgbé. Ó sì lè má gbàgbé. Bó bá sọ ọ́, ìyàwó náà ò ní gbà, iṣẹ́ búrẹ́dì á bọ́, ilé á sì máa wo ojú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n sún sẹ́yìn, òjé máa ń ta.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi alùpùpù náà sílẹ̀, ìyàwó ránṣẹ́ sí i pé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kó bá òun tún un ṣe. Rewáyà na iwájú rẹ̀ tó ká. Lẹ́yìn náà ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì, níbi tí wọ́n ti ń tú alùpùpù àlòkù, ó sì rí etí irú rẹ̀ gan-an, tí omi ò tíì kàn. Ó lọ, ó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

"Ṣé wọ́n ní i nínú oṣù Kẹta?" mo béèrè.

"Wọ́n máa ń ní i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lọ nígbà yẹn?"

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́."

Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí ìyàwó náà wá gbé e. Wẹ́dà fara ti páànù, iṣẹ́ kankan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀."

"Ìyàwó wa, káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́."

Kò sọ fún un pé ó ti ń gbọ́. Ó kàn fi ọwọ́ júwe alùpùpù. Ìyàwó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pa á. Ó wá ṣí àpò rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ odi jáde, èyí tí àwọn ọlọ́pàá kó fún un pẹ̀lú aṣọ ọkọ rẹ̀. Wẹ́dà dìde kúrò lára páànù. Obìnrin náà ki odi bọ ihò, ó yí i. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó dúró, bí ẹni tó ń fún un láyè kó yí ọkàn padà. Ó tún un yí. Iná pupa ń ṣẹ́jú.

Ó yọ ọ́, ó fi í sọ́wọ́, ó ń wo ibi tí etí tuntun náà wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ó mà ṣe é ṣe."