Àmì Àwọ̀ Ewé Tí Junu Ṣe

Nínú gbogbo wa ní ọ́fíìsì ní Pokhara, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkànnì tó Junu Ghale, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun la gbé iṣẹ́ náà fún nígbà tí àwọn dókítà ojú fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní abúlé àwọn Junu ní Lamjung, lórí òkè, kí àwọn aláìsàn lè fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé, téèyàn bá tẹ bọ́tìnì, fóònù á fi orúkọ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àgbà tó wà ní Kathmandu, á dúró gba èsì, kó tó sọ pé ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkè ń rìn bí ìgbín, Junu ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ òun ń falẹ̀. Ló bá ṣe é kí àmì àwọ̀ ewé tó ń sọ pé orúkọ ti wọlé máa yọ lójú ẹsẹ̀, kí èsì máa bọ̀ lẹ́yìn.

"Bí èsì ò bá wá dé ńkọ́?" ni mo bi í.

"Á dé jàre! Ìwọ yìí, àgbà ti ń dé sí ẹ o."

Gbogbo ará ọ́fíìsì fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ló ń gbọ́?

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, èmi àti Junu jọ lọ. Phupu, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ti jókòó síwájú nọ́ọ̀sì. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó gbé àpò gundruk, ẹ̀fọ́ kíkan tí wọ́n sá gbẹ, lé itan; Junu ló mú un wá fún.

"Mama, orúkọ yín ò dé ọ̀dọ̀ wa o," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àyè sì ti kún. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ó dé, ọmọ mi! Mo tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan sì yọ, ó rí bí ewé. Ọmọ tèmi ló ṣe é, kì í ṣe iṣẹ́kíṣẹ́." Phupu fọwọ́ ra ojú. "Àbí ojú mi yìí náà ni? Ẹ máà bínú, mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ojú gba Junu tì, kò lè gbórí sókè. Gbogbo abúlé ń wò ó.

"Phupu, ojú yín kọ́, ẹ rí i lóòótọ́. Àmì yẹn ló purọ́. Èmi ni mo ní kó máa yọ kí orúkọ tó dé."

Phupu na ọwọ́, ó ń wá a kiri.

"Sún mọ́ mi. Ṣé ò ń sunkún ni? Mi ò rí ojú ẹ."