Òdòdó Ilá Tí Mo Yà Ní Ewé Mẹ́fà

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní òdòdó ni mo fẹ́ máa yà. Àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Mo wá ẹni tó máa kọ́ mi títí, n kò rí ju obìnrin kan tí mo kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, tó ti di ayàwòrán báyìí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ní gbogbo Sátidé nìyẹn.

Ó mọ̀wà hù, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Yóò kúnlẹ̀ kí mi, yóò gbé àga fún mi. Ṣùgbọ́n agídí ń bẹ nínú ìkúnlẹ̀ yẹn! Òdòdó ilá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ní kí n kọ́kọ́ yà. Mo yà á. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Èyí tó wà lọ́kàn yín lẹ yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí tó wà níwájú yín." Kí n tó tún un yà tán, ọ̀sán ti pọ́n, òdòdó ti rọ, ó ti padé.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ya fọ́tò òdòdó sínú fóònù lọ. Kò tilẹ̀ wò ó. "Fóònù ló bá yín wo ìyẹn, mà."

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo já òdòdó ilá nínú ọgbà aládùúgbò mi, mo fi í sínú ike omi, mo gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀. Ìyá kan wọlé ní Ọ̀wẹnà, ó gbé àpò gààrí lé e lórí. "Ẹ má bínú," ó ní, "mo rò pé ìdọ̀tí ni."

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mo tètè gbéra. Mo jókòó ti ilá ẹ̀yìnkùlé yẹn, ìjàlọ ń ta mí lẹ́sẹ̀, n kò mira. Mo kun ewé òdòdó náà ní àwọ̀ ìyeyè, mo fi pupa tó ṣókùnkùn sí i nínú lọ́hùn-ún. Inú mi dùn. Ó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Mà, ewé òdòdó yìí mélòó ni?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ bá mi kà á."

Mo kà á. Márùn-ún. Mo tún un kà. Márùn-ún náà ni. Mo wo ìwé mi: mẹ́fà rèé, gbàgàdà! Mo ṣí ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wò, mẹ́fà náà ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ látọjọ́ yìí?"

"Mò ń retí kí ẹ rí i fúnra yín ni, mà."

Oṣù kan gbáko! Mo kó ẹrù mi, n kò fọwọ́ kan iyán tó gún dè mí, mo bá tèmi lọ.

Nílé, mo gbin ilá sínú garawa tó ti fọ́. Nígbà tó máa yọ òdòdó, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni, a ti ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tú gèlè, mo mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi yọjú. "Ṣé torí ilá lo ò ṣe ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Òdòdó yìí kò ní pẹ́ padé."

Mo fi ìka ka ewé márùn-ún náà tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó fọwọ́ kan ọ̀dà. Ní Sátidé, mo gbé àwòrán náà lọ sí Oǹdó. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó wò ó títí.

"Ó dára gan-an, mà." Mo mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n oòrùn ràn sí i, kò wá ní òjìji?"

Mo pòṣé. Mo fa àga sún mọ́ ilá, mo ní kó lọ bu omi tí n ó fi fọ búrọ́ọ̀ṣì wá.