Kíkí Tí Kò Sí Nínú Ìwé Faransé

Ọdún kọkànlá rèé tí Mùyìbátù ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé ní ilé-ìwé girama kan ní Ṣakí, iṣẹ́ náà sì ti ń sú u. Ìwé tí wọ́n ń lò kò mọ̀ ju yìnyín tó ń bo òrùlé ìlú Párí bí òwú. Bó bá ti ṣí ojú ewé náà, àwọn ọmọ a kọjú sí fèrèsé, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku. Bẹ́ẹ̀, ibodè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé kò jìnnà sí wọn.

Ní sáà kejì, Mojeed, tó ń kó abọ́ ike lọ tà ní Parakú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wá bá a ní ọ́fíìsì. Ó ní kí Àwáwù ọmọ òun fi Faransé sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ìṣirò. Mùyìbátù bi í léèrè ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá kọjá ibodè. Ó ní àwọn oníbàárà òun gbọ́ Yorùbá.

"Gbogbo wọn?"

Ọkùnrin náà jẹ́wọ́ pé ọkọ oníbàárà òun kan kú níbẹ̀. Òun lọ kí opó náà, ẹni tó máa ń ṣe ògbufọ̀ fún òun kò sì wá. Kíkí Faransé kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń kí ara wọn kú ọdún tuntun, ó sì ti bọ́ lẹ́nu òun kí òun tó ronú. Gbogbo ilé yíjú sí òun. Láti ọjọ́ náà, ojú ń ti òun láti gba àdúgbò yẹn kọjá.

"Ẹ sì tún fẹ́ kí ọmọ yín fi í sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kì í kọ́ wọn nírú ìyẹn. Yìnyín lẹ̀ ń kọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùyìbátù, nítorí òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí ará Parakú ṣe ń kí ìyá ọmọ tuntun, bí wọ́n ṣe ń nájà, bí wọ́n ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Wọ́n fi ṣe eré. Ẹkún àwọn tó ṣe ọlọ́fọ̀ ròkè débi pé Ọlátúnjí, ọ̀gá ilé-ìwé, sáré wá bèèrè ẹni tó kú.

Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n léèrè ẹkún nínú ìdánwò, ó sì ní kí Mùyìbátù padà sídìí ìwé. Obìnrin náà ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ ẹ́. Níkẹyìn, ó ń yára ka ti yìnyín, ó sì ń fi àsìkò tó bá kù kọ́ wọn ní kíkí.

Nígbà ìsinmi, Mojeed mú Àwáwù dání lọ sí Parakú. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú opó, ó bá a kẹ́dùn ní Faransé, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò tètè jù ú sílẹ̀. Ó wá ní kí Mojeed jókòó, ó sì bu omi fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, Mojeed tún dé. Ó dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ọpẹ́ ló ní, nígbà tí Àwáwù kúkú ti gbọ́ Faransé báyìí, ṣé kó máa wá lọ sídìí ìṣirò?

Mùyìbátù fa ìwé orúkọ sún mọ́ra.

"Bàbá Àwáwù, ẹ máa lọ sílé, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ orúkọ Àwáwù mọ́ àwọn tí yóò ṣe Faransé nínú ìdánwò àṣekágbá, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọrí sí kíláàsì.