Alukoro Tó Ń Dúpẹ́ Kí Ayẹyẹ Tó Wáyé

Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ olóògbé Ayọ̀ọlá Ọláfimíhàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìkìrun, ìtàn ìdíje ayò ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Kódà ẹni tí kò sí níbẹ̀ yóò sọ ọ́ bí ẹni tó jókòó sí ìlà iwájú.

Bàbá yìí ni alukoro Kíláàbù Àjùmọ̀ṣe, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò tí wọ́n ní gbọ̀ngàn tiwọn létí ọ̀nà tó lọ sí Òkukù. Òun ló ń kọ ètò tó ń bọ̀ sí pátákó iwájú gbọ̀ngàn. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tí òun bá ti kọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Lọ́dún náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdíje ayò láàrin Ìkìrun, Inísà àti Òkukù." Inú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dùn. Ohun kan ló kù: kò sẹ́ni tó sọ fún Inísà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún Òkukù.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún fún àwọn ará ìlú tó wá wòran. Alága ẹgbẹ́, Olóyè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì na nínú ayò láti ọdún mẹ́fà, ti da agbádá bo ara, ó ti jókòó ti ọpọ́n bí ọba tó ń dúró de ìṣákọ́lẹ̀. Jemima Adédùntán, olùkọ́ tó jẹ́ igbákejì akọ̀wé, sún mọ́ alukoro, ó rọra béèrè.

"Bàbá, àwọn ará Òkukù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́nà."

"Ta ló pè wọ́n?"

"Ìyá Dàmọ́lá, ojoojúmọ́ làwọn ará Òkukù ń gba iwájú wa yìí kọjá. Ṣé òní ni wọn ò ní kọjá ni?"

Ó mú fìlà, ó jáde sí títì, ó na ọwọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ń bọ̀ láti Òṣogbo, tó ń lọ sí Òkukù, dúró. Ọláfimíhàn yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀, ó fa ojú ro bí ẹni tí wọ́n ti jẹ́ kó dúró pẹ́. "Ẹ̀yin aṣojú Òkukù, ẹ káàbọ̀. A ti ń retí yín." Àwọn èrò wo ara wọn. Awakọ̀ ní òun ò ráyè ìranù. Bàbá sọ fún un pé àyè awakọ̀ àwọn aṣojú wà níwájú, ìrẹsì sì wà níbẹ̀. Awakọ̀ béèrè bóyá ẹran wà lórí ìrẹsì ọ̀hún. Nígbà tó gbọ́ pé ó wà, ó pa ọkọ̀.

Ẹni méjì nínú èrò náà ní Inísà làwọn ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. "Inísà," ni alukoro wí, "ẹ bọ́ sápá ọ̀tún." Bí Inísà náà ṣe ní aṣojú nìyẹn.

Nínú àwọn tó kù ni àgbẹ̀ obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àpèkẹ́. Ilé ìwòsàn ojú ní Òṣogbo ló ti ń bọ̀, oògùn tí wọ́n kán sí i lójú ṣì ń ṣàn, gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀. Ó ní òun ò ríran. Ọláfimíhàn ní, "Ìyá, ayò kì í ṣe ìwé," ó sì mú un jókòó síwájú alága. Obìnrin náà ń fọwọ́ wá ihò ọpọ́n kiri, ó ń fi ìka ka ọmọ ayò, ó ń ta á. Kí aago márùn-ún tó lù, Olóyè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ti di òpè lẹ́ẹ̀mẹta. Gbọ̀ngàn ń hó. Wọ́n wá sọ fún Àpèkẹ́ irú ẹni tó nà. Ó fi gèlè nu ojú, ó bojú wo ọ̀kánkán. "Ẹ má bínú, mi ò rí wọn ni. Ká ní mo mọ̀ pé olóyè ni wọ́n, ǹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni alága kò fi bá alukoro sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí Òkukù pé kí obìnrin yẹn padà wá. Láti ìgbà náà ni ìdíje ayò ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọdọọdún, Àpèkẹ́ sì di ọmọ ẹgbẹ́.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ ti ń kú lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlá péré ló ṣẹ́ kù, àwọn kan sì ti ń dábàá pé kí wọ́n fi gbọ̀ngàn kó sìmẹ́ńtì sí. Ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì yìí ló dun Ọláfimíhàn jù láyé. Ọmọ ìlú Èkó Ẹ̀ndẹ́ ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà kọ́ òun ni pé kò sí bí ilẹ̀kùn ṣe lè tì tó, bí èèyàn bá ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níta, yóò yọjú.

Nítorí náà, bí ayẹyẹ bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá yóò gun ọ̀kadà, yóò máa lọ láti ilé dé ilé. Kì í lọ pe èèyàn o. Ọpẹ́ ló ń lọ dú. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì ní Inísà, ọkùnrin kan tí kì í fẹ́ jáde nílé, bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Mọ́ńdè kan.

"Ẹ kú àná o, Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì. Ẹ ṣeun, ẹsẹ̀ yín á máa rìn sí ire."

"Àná kẹ̀? Kí ni mo ṣe lánàá?"

"Kì í ṣe àná tó kọjá. Ẹ ṣe wá lẹ́yẹ níbi àfihàn aṣọ òfì wa lọ́jọ́ Sátidé."

"Sátidé tó ń bọ̀ yìí? A ò mà tíì lọ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dúpẹ́ tèmi. Ta ni yóò gba ọpẹ́ tán, tí yóò tún jókòó sílé?"

Ọláwuyì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ní lọ. Ní Tọ́sìdeè, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Fúráìdeè, ó lọ aṣọ. Nígbà tí Jemima dé gbọ̀ngàn ní Sátidé láti wá to àga, Ọláwuyì ló bá níwájú ilẹ̀kùn. "Ìyá Dàmọ́lá," ni ọkùnrin náà wí, "ọpẹ́ bàbá yẹn há mi lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja."

Kò sí ohun tó lè mú kí bàbá fagi lé ètò. Lọ́dún kan, ó pe Dókítà Adéọlá láti Ìbàdàn, obìnrin tó mọ̀ nípa ìtọ́jú kòkòrò oyin, kó wá dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ọkọ̀ dókítà bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dúró títí, alága ní kí kálukú máa lọ sílé. Ọláfimíhàn dìde, ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ la kọ sí pátákó. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ la ó gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni oyin àti bàbá yìí ti pàdé rí, oyin ló sì lé e. Síbẹ̀, wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀ láìdúró mí. Ó ní oyin ń sinmi lọ́jọ́ Àìkú ní àdúgbò onígbàgbọ́, ó ń sinmi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ní àdúgbò mùsùlùmí, àti pé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í lọ síbì kankan ló ti ń ta èèyàn jù. Àwọn èèyàn ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò mọ̀ pé Dókítà Adéọlá ti dé, ó ti dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn fún ìdajì wákàtí.

"Bàbá," ni dókítà wí nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, "nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ, mẹ́ta péré ló jẹ́ òótọ́."

Ọláfimíhàn tẹrí ba fún un. "Mẹ́ta láàrin wákàtí kan? Ẹ ṣeun, dókítà. Àwọn kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ láti ogún ọdún, wọn ò tíì pé méjì."

Jemima a máa sọ ìtàn wọ̀nyí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kì í tètè sọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò yọjú sí ẹgbẹ́ mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń lọ, bó bá sì ti dé, yóò ti ilẹ̀kùn. Ó ti di oṣù mẹ́rin nígbà tó gbọ́ ohùn alukoro lórí wásáàpù ẹgbẹ́: "Sátidé tó ń bọ̀, Ìyáàfin Jemima Adédùntán yóò kọ́ wa ní eré òṣùpá. Ìrọ̀lẹ́ la ó ṣe é, a kò ní dúró de òṣùpá."

Inú bí i débi pé sálúbàtà ẹsẹ̀ kan dúdú, èkejì pupa, ló wọ̀ dé gbọ̀ngàn.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ dárúkọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n dárúkọ yín."

"Ẹ lọ pa á rẹ́ lórí pátákó."

"N kì í pa nǹkan rẹ́, ẹ mọ̀."

"Mi ò sì ní wá."

"Ìyá Dàmọ́lá," ni bàbá wí, "ẹ ti wá."

Jemima wo ara rẹ̀. Ó wo gbọ̀ngàn yí ká. Bàbá fa àga fún un, ó bu omi wá, òun náà jókòó. Ó tó ìdajì wákàtí tí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ rí pé ẹnu Ọláfimíhàn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá Dàmọ́lá fẹ́ràn kí ẹ máa kọrin." Jemima sunkún. Nígbà tó sun ún tán, ó béèrè irú eré òṣùpá tí bàbá ní lọ́kàn.

Ní Sátidé, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń pòòyì bí ọmọdé. Agbádá alága kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ó fa ẹni méjì mọ́ra. Jemima gbọ́ ẹ̀rín kan tó gba gbọ̀ngàn kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé ẹnu òun ló ti ń jáde.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni Ayọ̀ọlá Ọláfimíhàn kú, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Èkó Ẹ̀ndẹ́ ni wọ́n sin ín sí. Wọ́n fi Jemima jẹ alukoro. Nínú ètò ọdún tí bàbá fi sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹrin, Ìrọ̀lẹ́ Ìtàn. Olùsọ̀rọ̀..." Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n fò ó. Jemima ní wọn kò ní fò ó. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sí pátákó: "Ìtàn Ayọ̀ọlá Ọláfimíhàn. Olùsọ̀rọ̀: gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n."

Wọ́n wá láti Òkukù, wọ́n wá láti Inísà. Àwọn kan dúró níta ojú fèrèsé. Ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, Blessing, wá láti Pọtakó, ó jókòó sẹ́yìn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọjọ́ ìdíje sọ tirẹ̀, Ọláwuyì sọ tirẹ̀, ilé wó fún ẹ̀rín. Blessing wá na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá tèmi lẹ ń sọ?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí i.

"Nílé, wọn kì í sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, 'ó dáa, ó dáa' ni wọ́n máa ń sọ. Mo máa ń rò pé wọn ò ní ẹnì kankan."

Olóyè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé dìde, ó gbé àga tirẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. "Ọmọ mi," ó ní, "wọ́n ní wa."

Ìtàn tún bẹ̀rẹ̀. Blessing ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́fà lù. Ọkọ̀ Òkukù ń dúró níta, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

"Kí ló tún kù?" ni Blessing béèrè.

Jemima fa àga rẹ̀ sún mọ́ wọn. Ìtàn pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì yan èyí tó kéré jù: bí bàbá ṣe máa ń jẹ ẹ̀pà nínú ìpàdé, tí yóò máa rọra da èèpo rẹ̀ sínú fìlà alága, bí alága bá ti yọ ọ́ lé orí tábìlì. Olóyè Ọmọ́ṣẹ̀yìndé gbọ́, kò bínú. Ó yọ fìlà tó wà lórí rẹ̀, ó dojú rẹ̀ sókè, ó sì wo inú rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀.