Díìsìkì Kékeré tí Dosu Gbé Bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀

Bí ẹ bá dé etídò Ìwòrò tí ẹ béèrè Dosu oníkọ̀ǹpútà, ẹja inú ọ̀sà pàápàá yóò júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò tóbi ju ilé ẹyẹlé lọ, ṣùgbọ́n kò sí apẹja tó fẹ́ kó fíìmù sínú fóònù tí kì í forí wọ ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tún kọ̀ǹpútà gbogbo ayé ṣe. Tirẹ̀ nìkan ni kò ráyè tún ṣe.

Ẹ̀rọ náà lọ́ra. Bí Dosu bá tàn án láàárọ̀, ẹ lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí Àjídò, kí ẹ ra ẹja, kí ẹ yan án, kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ bá ẹni tó tà á jà nítorí egungun. Ẹ ó padà dé bá àmì róbótó tó ṣì ń yí lójú ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ háàdì díìsìkì, àká inú rẹ̀, débi pé ó ń dún kà-kà-kà bí ẹni ń pa ẹ̀kùrọ́.

Mercy ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, ló pariwo.

"Dosu, kọ̀ǹpútà yìí máa kú kí n tó bímọ o. Ṣé o rántí ẹni tó wà nínú ẹ̀?"

Dosu rántí. Ohùn Màmá Sẹ́nàmì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló wà nínú ẹ̀. Ní agboolé wọn, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ ọmọ tuntun láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi èdè Ègùn ki oríkì ìdílé fún un látòkè délẹ̀: ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, odò tí wọ́n là kọjá, àwọn tó sùn sójú ọ̀nà tí wọn ò jí mọ́. Màmá Sẹ́nàmì nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n dé òpin. Nígbà tí àìsàn tó pa á dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó gbà kí Dosu gba ohùn òun sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún gbáko. Ṣùgbọ́n ó fa Dosu létí.

"Ohùn mi kì í ṣe fíìmù tó o máa ń tà o. Tó bá dé etí àlejò, màá dìde nínú sàréè!"

"Màmá, ibi tí mo máa fi í pamọ́ sí, eèrà ò ní rí i."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn oníbàárà a máa tẹ gbogbo nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni Dosu bá tọ́jú ohùn náà sínú fódà tí Windows àtijọ́ fi sílẹ̀ nígbà tí tuntun wọlé. Ààtàn kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ta ló máa ń lọ wá góòlù lórí ààtàn?

Ó lọ ra díìsìkì tuntun ní Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nu ibodè, lọ́dọ̀ Rewájú tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Owó tí Rewájú pè lórí SSD tó tóbi, díìsìkì ìgbàlódé tó ń yára, èèyàn lè fi fẹ́yàwó kejì.

"Bọ̀dá Dosu, ẹ mú ti ọgọ́fà gíìgì yìí. Ó ń sáré ju ọlọ́kadà oníràìsì tó rí kọ́sítọ́ọ̀mù lọ."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni tèmi. O fẹ́ kí n kó ilé oníyàrá mẹ́rin sínú ihò eku?"

"Ẹ da ẹrù nù! Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé ti àtijọ́ wá, mo máa yọ ọ́ nínú owó yín."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Sẹ̀mẹ̀ nìyẹn, àtijọ́ ni wọ́n fi ń gba tuntun.

Dosu gbé díìsìkì kékeré náà délé, ó jókòó, ó ń pa fíìmù rẹ́ bí ẹni ń sin ará ilé. Síbẹ̀ ẹrù ṣì ju àyè lọ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá ṣe ohun tó ti ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà láti ọdún mọ́kànlá: ó lọ tààrà sí fódà Windows àtijọ́, ó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ọwọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Orí ò sí nílé.

Àyè ṣí sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó kó Windows kọjá sínú díìsìkì tuntun, ó pààrọ̀ díìsìkì, kọ̀ǹpútà sì tàn kí èèyàn tó sín tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe Mercy wá wò ó. Lọ́jọ́ yẹn náà ló gbé díìsìkì àtijọ́ lọ fún Rewájú.

Mercy bí obìnrin. Ó ku ọ̀la kí wọ́n sọmọ lórúkọ, Dosu lọ wá ohùn. Nígbà tó rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ó dìde fùú. Ó gun ọ̀kadà dé Sẹ̀mẹ̀, bóyá ohun tí wọ́n pa rẹ́ ṣì ṣeé yọ nínú díìsìkì àtijọ́.

"Háàdì yẹn?" ni Rewájú wí. "Mo ti nù ún mọ́ tónítóní, mo ti kó orin kún un. Ó ti wọ Kùtọnu láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ta lo tà á fún?"

"Bọ̀dá mi, ṣé mo máa ń bi wọ́n lórúkọ ni?"

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bàbá Sewanu, àgbà ilé, na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà.

"Jẹ́ ká gbọ́ ọ."

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Lọ síbo? Láti ọdún méjì ló ti kú. Ibo ló tún kù tó máa lọ?"

Dosu ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni ò bú u, ìyẹn gan-an ló burú. Bàbá Sewanu bẹ̀rẹ̀ oríkì náà fúnra rẹ̀, ó dé etí odò, ó dúró. Ìyá arúgbó kan fi gbólóhùn kan kún un, òmíràn ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn wá há sí etí odò yẹn, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe là á kọjá.

"Ẹ pe orúkọ ọmọ," ni Bàbá wí.

Láìpẹ́ yìí, Ummusalamah, tíṣà láti Ìkọ́gà, gbé kọ̀ǹpútà wá kí Dosu bá a pààrọ̀ díìsìkì tirẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta rèé, Dosu ṣì ń ṣí fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí gbogbo ohun tó bá ní ohùn nínú.

"Bọ̀dá Dosu, ẹ jọ̀ọ́, pàǹtírí ni gbogbo ìyẹn! Ẹ pa á rẹ́."

"Mo mọ̀," ni Dosu wí, ó sì ṣí òmíràn.