Áàpù tí mo ṣe kí Màámi lè tún sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nílé wa ní Mowe. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé géèmù orí fóònù ni mò ń ṣe. Tíṣà ni Màámi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ mi sí. Wọ́n á ní ìgbà wo ni mo máa fi eré sílẹ̀ kí n wáṣẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọlọ́run yọ wọ́n, àmọ́ apá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ. Gbogbo ohun tá a bá sọ ni wọ́n ń gbọ́, wọn ò kàn lè fèsì. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń sunkún. Mo gbé omi wá, mo gbé oúnjẹ wá, mo tan fáànù. Ó tó wákàtí kan kí n tó mọ̀ pé ìrọ̀rí tí wọ́n fara tì ló yẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n.

Bí mo ṣe pa géèmù tì nìyẹn. Mo ṣe áàpù tó jẹ́ àwòrán: ife omi, bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí, fọ́tò àwa ará ilé. Téèyàn bá fọwọ́ kan àwòrán, fóònù á sọ ọ̀rọ̀ náà síta. Mo fi ìyangàn gbé e fún Màámi.

Kò ṣiṣẹ́. Kí ló dé? Ọwọ́ òsì tí wọ́n ń lò ń gbọ̀n. Ìka wọn ń wọ́ lójú fóònù, fóònù sì rò pé wọ́n fẹ́ ṣí ojú ewé mìíràn ni. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọjú sí ògiri. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó tì wọ́n, tí mò ń wo ìka yẹn nìkan. Mo wá rí i pé ibi tí ìka bá dúró sí ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ibi tó kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Mo tún kóòdù kọ. Àwòrán di ńlá, mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìgbà tí ìka bá sinmi kí fóònù tó sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ohùn. Mo lọ bá Àǹtí Ṣadé, àbúrò Màámi, ní Akute, torí ohùn wọn jọra gan-an. Àǹtí wo àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ, wọ́n ní, “Omi, oúnjẹ, ìrọ̀rí. Ṣé ìyẹn nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ? Ìbáwí dà?” La bá gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú áàpù, tòun tìbáwí.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé oúnjẹ síwájú Màámi. Wọ́n tọ́ ọ wò, ìka wọn rìn lọ, ó dúró. Fóònù ní, “Iyọ̀ ò tó. Lọ tún un ṣe.” Mo sáré wọ kíṣìnì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá na apá fún wọn rí i, ó ní òun fẹ́ ẹ fún bàbá kan tó ń tọ́jú ní Ibafo. Ó bi Màámi pé ta ló ṣe é. Ìka wọn gbọ̀n kọjá bẹ́ẹ̀dì, ó kọjá fáànù, ó wá sinmi lórí fọ́tò mi. “Bísọ́lá, ọmọ mi.” Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n tó ṣe nǹkan fún èèyàn, kí n kọ́kọ́ jókòó tì í, kí n wò ó dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ràn lọ́wọ́ rí nínú ilé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á fún Màámi.