Fìlà Abetí-ajá Bàbá Táíwò

"Ṣé mo ti kú ni?"

Ohun tí Bàbá Táíwò wí nìyẹn nígbà tí mo mú báńdéèjì funfun jáde, tí mo ní kó jẹ́ kí n fi di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí. Ìyàwó rẹ̀ ti fò dìde. "Nọ́ọ̀sì, òkú là ń dì lágbọ̀n! Ẹ má fi ọkọ mi ṣeré o!" Ojú tì mí. Ọmọ Ìyìn ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ òkú. Ìwé ni mo kà tí mo gbàgbé ilé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìwòsàn kan l'Ádó, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí èémí wọn máa ń dúró lójú oorun. Ẹni tó bá ní àìsàn yìí á máa hanrun, èémí á sé, á ta jí fìrì, á tún sùn. Tílẹ̀ bá wá mọ́, oorun á máa gbé e lọ. Awakọ̀ sì ni Bàbá Táíwò, Ìgèdè sí Adó ló ń ná. Ó ti sùn lọ nídìí ọkọ̀ rí, ó já sí kòtò, Ọlọ́run ló yọ àwọn èrò. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa mọ́tò mọ́ àfi tí ara rẹ̀ bá yá.

A fún un ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú láti inú ìbòmú, kí ọ̀fun má baà pa dé. Ó lò ó fún oṣù méjì, kò fo ọjọ́ kan, síbẹ̀ ó ń tòògbé níwájú mi! Iye ìgbà tí èémí ń sé, tí ẹ̀rọ náà ń kà, kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Mo yẹ ìbòmú wò, kò ya. Imú rẹ̀ kò dí. Ìyá Táíwò ló là mí lójú: "Ẹnu rẹ̀ ló máa ń là sílẹ̀ gbàgà, atẹ́gùn á máa tú jáde fùù." Ìbòmú ńlá tó ń bo ẹnu pọ̀ mọ́ imú sì rèé, Bàbá ní ó ń há òun láyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú báńdéèjì burúkú yẹn.

Wọ́n ti ń múra àtilọ nígbà tí Bàbá dé fìlà. Abetí-ajá ni, etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ dáadáa. Háà! "Bàbá, ẹ dúró!" Mo fa etí fìlà méjèèjì wá sábẹ́ àgbọ̀n, mo dì wọ́n mú. Ẹnu pa dé.

"Èyí ńkọ́, Bàbá?"

"Èyí kẹ̀? Fìlà mi nìyí. Ta ló ń dé fìlà fún òkú?"

Dókítà ní kò léwu níwọ̀n ìgbà tí imú ti là. Télọ̀ kan rán rọ́bà mọ́ etí fìlà náà, èyí tó ṣeé tú wéré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo wo ẹ̀rọ, mo fò sókè bí ọmọdé: iye náà ti já wálẹ̀ wàì! Ìyá Táíwò nìkan ló ń ráhùn. "Èmi ni mi ò rí oorun sùn mọ́. Ulé dákẹ́ jù! Mo ń jí wò ó bóyá ó ń mí."

A ṣọ́ ọ títí dókítà fi ní kó padà sídìí ọkọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, òun ló gbé mi lọ sí Ìyìn. Iwájú ni mo jókòó sí, mo ti pinnu pé ojú rẹ̀ ni n ó máa ṣọ́ títí a ó fi délé. Ohun tí mo tún gbọ́ ni, "Nọ́ọ̀sì, a ti dé o! Ẹ sì hanrun!"